Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí owó àpótí bíríkì ọmọdé fi gòkè

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Láti ìgbà tí a ti lẹ owó tuntun mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù wa ní Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ni mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Àwọn kan sọ ọ́ sí wa létí. Àwọn kan ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wo owó náà, wọ́n gbé àpótí padà sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá kan tó ti ń bá wa rajà tipẹ́, tó ní, "Ẹ̀yin náà ti kọ́ ojúkòkòrò." Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà torí àgbà ni, n kò sì fẹ́ máa fèsì fún àgbà níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, òun ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa kó má di àhesọ: àpótí onígò 12 tí ọmọ ń kó bíríkì Lego rẹ̀ sí, ìyẹn bíríkì oníke kéékèèké tó fi ń ṣeré, tí a ń tà ní 6,500 sẹ́fà, ti di 8,500. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá béèrè fún un nìkan la ó máa kan án fún. Apẹ̀rẹ̀ ọlọ́mọrí ni yóò máa wà lórí àtẹ dípò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní àpótí onígò nílé mọ bó ṣe rí. Abẹ́ pákó la kan ìdérí mọ́, ìgò á wá kọ́ sábẹ́ rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ní ìpele mẹ́ta. Ọmọ á yí ìgò tó fẹ́ kúrò, á mú bíríkì rẹ̀, á sì yí i padà sáyè rẹ̀. Ìgò náà mọ́ gaara, ọmọ ń rí ohun tó wà nínú rẹ̀ láì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ẹwà iṣẹ́ náà nìyẹn. Ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí àwa kọ́ là ń ṣe ìgò, ṣe là ń rà á.

Ìgò mayonéèsì ni. Àwọn ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì ní Kútọnu máa ń lò ó tán, ọkùnrin kan á kó o jọ, á gbé e wá fún wa ní Àjàṣẹ́, 100 sẹ́fà ìgò kan pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Owó yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tẹ́ àwa náà lọ́rùn. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń du ìgò yẹn mọ́ wa lọ́wọ́, ààtàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n ojú ti là. Àwọn tó ń rọ òróró ẹ̀pà, àwọn tó ń ta oyin, àwọn tó ń kó kúlíkúlí sínú ìgò kó lè wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ló ń wá ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò. N kò bá wọn jà. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá bí àwa náà ṣe ń wá a. Ọkùnrin yẹn ló yí padà. Ó ní ìgò ti di 150. A san án. Ó ní ó ti di 200. A tún san án, a kò fi sẹ́fà kan lé owó àpótí, àwa la gbé e mì. Ó wá di 250.

Tó bá jẹ́ ti owó nìkan ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé kí Iléyá tó dé, ó gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi fún ẹrù kan gbáko, ó ní òun fẹ́ fi kún owó àgbò. Mo fún un. A ti jọ jẹ, a ti jọ mu, mo mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Iléyá kọjá, ẹrù ò dé. Mo pè é, ó ní ọkọ̀ ló bàjẹ́. Mo tún pè é, ó ní ara ìyá òun ò yá. Ẹni tó ń ta òróró ní tòsí wa ló wá sọ fún mi, láì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, pé ẹrù yẹn ti dé tipẹ́, òun lòun rà á. Owó mi ló fi kó ìgò jọ, ó sì tà á fún ẹlòmíràn lójú mi! Ohun tó padà gbé wá lẹ́yìn ẹjọ́ àti ẹ̀bẹ̀ ni àpò ìgò tí ìdajì rẹ̀ kò ní ìdérí. Ìgò tí kò ní ìdérí, kí la fẹ́ fi gbé e kọ́ sábẹ́ pákó? Àwọn èèyàn ní kí n fà á lọ sí kọmisáríà ọlọ́pàá. Mi ò lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá a ṣe mọ́, ẹni tó bá sì mọ bí ìyà yẹn ṣe rí kò ní dá mi lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò náà. Ìgò 12 ní 100 jẹ́ 1,200. Ìgò 12 ní 250 jẹ́ 3,000. Àlékún 1,800 nìyẹn. 200 tó kù jẹ́ ti owó ọkọ̀, torí èmi fúnra mi ni mo ń lọ kó o wá láti Kútọnu báyìí, nǹkan bí 30 kìlómítà ni lálọ nìkan, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní Nàìjíríà lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni epo kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń gbé wá láti ibẹ̀, ò ti padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. 1,800 àti 200, 2,000 ni. Iṣẹ́ ọwọ́ wa, pákó, ìṣó, a ò fi nǹkan kan lé wọn. Ibo ni ojúkòkòrò wà níbẹ̀?

Ẹ má sì rò pé ìgò kàn máa ń dé lónìí kó bọ́ sínú àpótí lọ́la. Abẹ́ ìdérí ni iṣẹ́ wà. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fa òróró mu. Ẹ lè fọ ìgò títí á fi máa dán, tí ẹ bá gbé ìdérí sí imú, òórùn mayonéèsì ṣì wà níbẹ̀. Ìyàwó mi á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, á fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, á sá a, á tún wá máa gbóòórùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣì ń rùn, á fi ọ̀bẹ tú rọ́bà rẹ̀ kúrò. Mo ti rí i tó jókòó ti abọ́ ìdérí di òru, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ nínú omi, kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa fi ọwọ́ kan ohun tó ń rùn.

Ìgò nìkan là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún o. Bíríkì fúnra rẹ̀, ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ṣe Lego fúnra wọn ní kí omi má gbóná ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ. Ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sí ibòji, torí oòrùn máa ń sọ funfun rẹ̀ di ràkọ̀ràkọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹnì kan gbé àpótí wa padà, ó ní ìgò wa ló ba bíríkì ọmọ òun jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé omi híhó ló dà lé e lórí.

Àwọn kan ní ṣebí ohun ìṣeré ọmọdé ni, pé páálí bàtà tó o. Ẹ dákun, ẹ má rí i bẹ́ẹ̀. Bíríkì yìí kì í ṣe ohun tí à ń rà lójoojúmọ́ ní Àjàṣẹ́. Ọ̀pọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà ní Faransé ló ń fi ránṣẹ́ nínú àpò, gbogbo rẹ̀ á ti dàpọ̀, torí pé ti ọmọ tiwọn tó ti dàgbà ni. Ó sì wúlò bẹ́ẹ̀ náà. Láti ọdún 1958 tí wọ́n ti béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí bíríkì náà ní Dẹ́nmárkì ni wọn ò ti yí ibi tó ti ń wọ ara wọn padà. Èyí tí wọ́n ṣe nígbà yẹn ṣì ń wọ èyí tí wọ́n ṣe lónìí. Bíríkì 6 péré, èyí tó ní kókó mẹ́jọ lórí, tí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n pọ̀ lé ní mílíọ̀nù 915. Nǹkan tó lè tọ́jọ́ tó báyìí, tó sì lè fún ọmọ ní ìrònú tó báyìí, kí ló dé tí a ó jẹ́ kó máa sọnù sábẹ́ àga?

Ti apẹ̀rẹ̀ ló kù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń hun ún fún wa wà ní ọ̀nà Àjàrá. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni, ọ̀kan ń wọ inú èkejì, 7,000 sẹ́fà ni gbogbo rẹ̀, ajọ̀ méjì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ajọ̀ yìí ni kí ẹ wò dáadáa. Ajọ̀ gàrí tó wà lọ́jà kò ṣeé lò, ojú rẹ̀ há jù, bíríkì kan ò lè gbà á kọjá. A bẹ alájọ̀ kó hun ọ̀kan tí ìka ọmọdé lè gba ojú rẹ̀ kọjá, kó hun èkejì tí ìka àgbà méjì lè gba ojú rẹ̀. Ẹ gbé olójú ńlá lé olójú kékeré, ẹ gbé méjèèjì lé orí apẹ̀rẹ̀, ẹ da bíríkì sí i, kí ẹ jọ̀ ọ́ bí ẹní ń jọ̀ gàrí. Èyí tó tóbi á dúró lókè, wẹ́wẹ́ á bọ́ sísàlẹ̀, èyí tó wà láàárín á jókòó sáàárín. Iṣẹ́ tí ọmọ ì bá fi gbogbo ọ̀sán ṣe, á parí kí omi ẹ̀kọ tó hó. Ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni kọ́ la ti kọ́ ọ, ilé wa níbí la ti rò ó, mo sì ń fi yangàn.

Tí ẹ bá jọ̀ ọ́ tán, ẹ má fi àwọ̀ pín in. Gbogbo ìyá ló fẹ́ kó pupa pọ̀ mọ́ pupa, torí ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wá pupa wẹ́wẹ́ kan láàárín ọgọ́rùn-ún pupa, á pẹ́ kó tó rí i. Ẹ kó èyí tó jọra ní ìrísí pọ̀, ojú á tètè mú àwọ̀ tó ń wá. Ti táyà àti ti orí àwọn ènìyàn kéékèèké inú rẹ̀, páálí ẹyin ló dára jù fún un, a sì ń fi ọ̀kan ta yín lọ́rẹ.

Ẹ ní apẹ̀rẹ̀ kò fi inú hàn. Òótọ́ ni. A máa ń so bíríkì kan mọ́ orí ọmọrí kí ọmọ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ní ọmọ kékeré lè ṣí i. A ti fi awọ ṣe ìdè sí i, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó ni kí ẹ gbé e sí. Ìkìlọ̀ yẹn wà lára páálí Lego fúnra rẹ̀, nítorí ọmọ lè gbé e mì, kó há a lọ́fun. Duplo, ìyẹn bíríkì ńlá ti Lego fún ọmọ kékeré, ni kí ẹ wá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìlọ́po méjì ló fi gùn, tó fi fẹ̀, tó fi ga ju tàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Duplo ò sì nílò àpótí wa rárá. Igbá ńlá tó wà nílé yín tó o.

Ọ̀rọ̀ agolo wàrà tí ẹ ń béèrè, mi ò ní ṣe é. Etí rẹ̀ máa ń ya ọmọ lọ́wọ́, a lè fi òòlù lù ú títí kó má tẹ̀ tán. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa yìí, kí òjò kan tó kọjá, á ti dípẹtà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní owó pọ́ọ́kú lè rí i níbòmíràn. Mi ò fẹ́ kí orúkọ wa wà lára rẹ̀.

Mo ti sọ tinú mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì rí i pé ẹ ti ṣe púpọ̀ fún wa. Ẹ̀yin lẹ fi àpótí wa tọrẹ ní ìkómọ, ẹ̀yin lẹ júwe ṣọ́ọ̀bù wa fún àwọn ará Kétu tó fi wá ń bẹ̀ wá wò. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ kó wá bá mi jókòó, kó má kàn gbé àpótí sílẹ̀ kó lọ.

Gbogbo ẹni tó ti san àsansílẹ̀ kí owó tó yí, 6,500 náà ni tiyín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó pàdánù lórí rẹ̀. Ẹ mú ìwé tí a kọ fún yín wá. Ẹni tí kò fẹ́ dúró de ìgò mọ́, tó fẹ́ gba apẹ̀rẹ̀ dípò rẹ̀, a kò ní gba 500 tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ìgò mayonéèsì ńlá nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ gbé e wá pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. 150 sẹ́fà la ó máa rà á lọ́wọ́ yín, lójú ẹsẹ̀, kò dìgbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Tí a bá rí i tó lọ́dọ̀ yín, èmi ni yóò kọ́kọ́ ya owó tuntun yẹn kúrò lára ògiri.

Èmi, onílé iṣẹ́ yín ní Ouando, Àjàṣẹ́.