Olóòtú, lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb o

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í kọ́kọ́ ṣí ojú ewé òṣèlú nínú ìwé ìròyìn yín, ibi wá-ọ̀rọ̀ ni mo máa ń sáré lọ, ibi tẹ́ ẹ ti ń kó lẹ́tà mélòó kan jọ tẹ́ ẹ ní ká wá gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá lè jáde níbẹ̀. Àwa kan la jọ ń ṣe é ní gúrúùpù WhatsApp, ariwo ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe ń to lẹ́tà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kò dáa tó.

Ẹ wo èyí tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá: G, B, A, I, L, E, O, N. G wà láyè tiẹ̀, B náà wà láyè tiẹ̀, ẹnì kan wá fa G yọ ó kọ "ìga", ẹlòmíì fa B yọ ó kọ "ibà", ẹ̀yin wá fi "igba" àti "agbo" sínú ìdáhùn. Èwo la fẹ́ mú? Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, ọmọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi sì ń kà á geere pé e, ẹ, f, g, gb, kò dúró là á sí méjì. Àpótí kan ṣoṣo ló yẹ kí gb wà. Èyí tó tiẹ̀ wá dùn mí jù ni pé ẹ kọ E láìní àmì lábẹ́, síbẹ̀ ẹ ní "ilẹ̀" wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀ o jàre! Ilé ló wà níbẹ̀. Olè wà níbẹ̀, ọ̀lẹ kò sí.

Ti àmì ohùn ni mi ò bá yín jà sí. Ẹ má fi sórí lẹ́tà inú àpótí, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ara wa fi sí i, ẹni tó bá rí igba, igbá, ìgbà àti igbà kó gba máàkì mẹ́rin, àmọ́ tí ìdáhùn bá ń jáde kẹ́ ẹ fi àmì sórí gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá àgbà kan kọ igbà sí gúrúùpù wa, ṣe làwọn ọmọ ìsinsìnyí ní kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àfìgbà tó ya fọ́tò okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ tó fi ránṣẹ́ ni kálukú tó dákẹ́.

Ẹ má sì rò pé èmi ni mo kàn jókòó ronú ẹ̀. Scrabble, eré tí wọ́n ti ń fi táìlì tí wọ́n kọ lẹ́tà sí to ọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ṣe lédè Welsh, táìlì kan ni dd, táìlì kan ni ll. Tàwọn Sípéènì náà, ch àti ll ní táìlì tiwọn, ñ náà ò bá n ṣe pọ̀. Àwọn Faransé ní tiwọn kì í ka àmì orí lẹ́tà sí rárá nínú Scrabble, e ni gbogbo ẹ̀. Àwa náà ò sì kẹ̀rẹ̀ nídìí eré yìí, ṣebí ọmọ Nàìjíríà ni Wellington Jighere tó gba ife àgbáyé ní Perth, ní Ọsirélíà, lọ́dún 2015, òun sì lẹni àkọ́kọ́ láti Áfíríkà. Òyìnbó ló fi gbà á ṣá.

Alfred Butts, ará Amẹ́ríkà tó dá Scrabble sílẹ̀ láwọn ọdún 1930, ojú ewé iwájú ìwé ìròyìn ló jókòó tì tó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde, ibẹ̀ ló ti mọ iye tó máa ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé ìròyìn Yorùbá lọ́wọ́, kí ló ń dá yín dúró? Ẹ ka tiyín náà, kẹ́ ẹ mọ èyí tó yẹ kó máa pọ̀ nínú àpótí. Ẹ ò kúkú ní bá c, q, v, x tàbí z pàdé, àfi lára orúkọ àjèjì.

Ẹ jẹ́ n wá ta àwọn tá a jọ ń ṣe é lólobó. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ kúkúrú lò ń wá, fáwẹ̀lì ni kó o kọ́kọ́ gbé síwájú. Tí lẹ́tà a bá wà lẹ́yìn, má wulẹ̀ gbé lẹ́tà e tàbí o síwájú ẹ̀, o máa pẹ́ níbẹ̀ ni: ọjà, ẹja, ọba, ẹ̀wà, ṣé o rí i pé ẹ àti ọ ni gbogbo wọn gbé? Tó o bá sì ní ọ pẹ̀lú n lọ́wọ́, tètè wá b, f, gb, p tàbí w, torí ẹ̀yìn wọn la ti ń kọ ọn: ìbọn, ẹ̀fọn, ọgbọ́n, ọpọ́n. Lẹ́yìn t tàbí k, an la máa ń kọ, bíi ìtàn àti ọkàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ló ń dún létí ọ̀pọ̀ wa.

Ó ku ẹyọ kan. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkìtì tó wà láàárín wa ń pe ilé ní ulé, wọ́n sì fẹ́ gba máàkì lé e lórí. Ṣé ẹ máa gbà á ni àbí ẹ ò ní gbà á? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o, torí ìjà yẹn ò tíì parí.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn