Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ kó tó lọ sí Jàpáànù

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Tíṣà yín ti fi ètò ìrìn àjò tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wo iṣẹ́ aṣọ àti aró ní Jàpáànù ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, mo kà á látòkè délẹ̀, inú mi dùn gan-an, àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń kọ mí lóminú, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí tí n bá pè ẹ́ lórí fóònù "bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà" lo máa ń sọ títí kírẹ́díìtì á fi tán.

Tokyo, Kanazawa, Kyoto, Nagoya, Tokushima, gbogbo ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá sáré kiri báyẹn, fọ́tò ló máa kó délé. Mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé lápá ìparí, kálukú lè yan ibi tó bá fẹ́ dúró sí. Jọ̀ọ́, lo àyè yẹn dáadáa, mú ibì kan ṣoṣo, kó o jókòó ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pa ilẹ̀kùn.

Tó bá jẹ́ èmi ni, Arimatsu ni mo máa yàn. Ó ti di ara Nagoya báyìí, àmọ́ àdúgbò ọ̀tọ̀ ni láyé àtijọ́, ojú ọ̀nà Tōkaidō tí wọ́n ń gbà láàárín Edo, ìyẹn Tokyo òde òní, àti Kyoto ló wà, 1608 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ilẹ̀ ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gba oko, làwọn ará ibẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ, wọ́n ń rẹ ẹ́ láró, wọ́n ń tà á fáwọn tó ń kọjá lọ. Shibori ni wọ́n ń pè é. Ìwọ tó o dàgbà sídìí ìkòkò aró ní Ìtòkú, gbàrà tó o bá rí i lo máa sọ pé àdìrẹ oníko rèé, òótọ́ sì ni, wọ́n jọra, àmọ́ má tìtorí ìyẹn ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n o. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di aṣọ níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé oríṣi kan ṣoṣo ló fi gbogbo ayé ẹ̀ dì.

Wo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gé bátánì sára bébà, wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ funfun, wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì ra omi òdòdó kan tó láwọ̀ búlúù sí i, aobana ni wọ́n ń pè é, ó kàn ń fi ibi tí wọ́n máa dì hàn ni, tómi bá ti kàn án ó ti lọ nìyẹn. Látibẹ̀ aṣọ á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń dì í, á bọ́ sọ́wọ́ aláró, á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń tú òwú. Ẹni tó ń tú òwú yẹn ni kó o wò jù. Àwọn àlejò kì í kọbi ara sí i torí wọ́n rò pé iṣẹ́ ti tán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tó bá fà á sódì aṣọ á ya, làálàá gbogbo àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lé e lórí bá tibẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti dàgbà gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Tó bá jẹ́ Tokushima lọkàn ẹ fà sí, ó dáa náà. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí aró wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Èlú tiwọn kì í ṣe irú tiwa tó máa ń lọ́ mọ́ igi, ewéko kékeré tí wọ́n ń gbìn lọ́dọọdún ni. Wọ́n á sá ewé ẹ̀ gbẹ, wọ́n á kó o jọ bí òkìtì sínú ilé, wọ́n á máa wọ́n omi sí i wọ́n á máa yí i fún nǹkan bí 100 ọjọ́, inú ẹ̀ á gbóná kọjá 60 dígírì, òórùn ẹ̀ á máa ta èèyàn nímú tójú á fi máa ṣomi. Sukumo ni wọ́n ń pe èyí tó bá jáde níbẹ̀. Omi eérú ni wọ́n fi ń pò ó, bíi tiwa, wọ́n sì tún máa ń fi èèpo àlìkámà àti ọtí ìrẹsì sí i kó lè wú. Bá mi bi aláró wọn léèrè bó ṣe ń mọ̀ pé aró ti tó lò, ṣé fífóòfó ẹ̀ ló ń wò ni àbí òórùn ẹ̀, kó o kọ ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀ bó bá ṣe sọ ọ́ gan-an.

Àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn ti rin irú ìrìn yìí rí. Lọ́dún 1869 ọba wọn kúrò ní Kyoto lọ sí Tokyo, àwọn ọlọ́lá tó ń ra aṣọ bá a lọ, ọjà wá kú mọ́ àwọn ahunṣọ Nishijin, àdúgbò kan ní Kyoto, lọ́wọ́. Ní 1872 wọ́n rán ọkùnrin mẹ́ta, Sakura Tsuneshichi, Inoue Ihei àti Yoshida Chushichi, lọ sí Lyon nílẹ̀ Faransé kí wọ́n lọ kọ́ òfì Jacquard, èyí tó jẹ́ pé káàdì tí wọ́n lu ihò sí ló ń sọ òwú tó máa gòkè. Àwọn méjì gbé òfì náà délé, Yoshida dúró kọ́ sí i, ọkọ̀ òkun tó ń gbé e bọ̀ ló rì ní 1874 nígbà tó kù díẹ̀ kó délé. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rírú ẹ̀, mi ò fi dẹ́rù bà ẹ́ o. Ohun tí mo ń wò ni pé kì í ṣe aṣọ tó rẹwà ni wọ́n lọ wò, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni wọ́n lọ wò, nígbà tó sì fi máa di 1877 Araki Kohei, kan-òfì kan ní Nishijin, ti fi igi kan òfì Jacquard tiwọn nílé.

Ó ku ti ìwà. Bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wo ohun táwọn tó kù ń ṣe. Fọwọ́ méjèèjì gba nǹkan. Má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé o tọrọ àyè, àwọn bátánì míì wà tó jẹ́ ti ìdílé. Bí ọmọdé bá mọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun, ní tìẹ sì rèé, ọwọ́ fífọ̀ gan-an ni mò ń sọ, fọ̀ ọ́ kó o nù ún gbẹ kó o tó fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni torí òógùn máa ń ba sílíìkì jẹ́. Tí wọ́n bá fún ẹ ní òwú pé kó o dì í wò, tí wọ́n sì ní kó o tú u kó o tún un dì, má bínú, tún un dì.

Má ra kimono fún mi, owó ẹ̀ ti pọ̀ jù. Àǹkáṣíìfù tó o bá fọwọ́ ara ẹ dì ni kó o mú bọ̀, bó ti wù kó rí. Bàbá ẹ ní kí n sọ fún ẹ pé 100 volt niná wọn, kó o yẹ ara ṣájà fóònù ẹ wò bóyá wọ́n kọ 100-240 síbẹ̀, kó o sì ra pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ láti ilé, torí tiwa ò ní wọ ihò tiwọn.

Màmá ẹ