Lẹ́tà sí Ìyá Orè: ìdí tí mi ò fi sọ̀kalẹ̀

Ìyá mi, ẹ̀gbọ́n màámi,

Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú èéfín, ẹ kú oòrùn ojú títì. Ní Tanzania tí mo ti ń bọ̀, "shikamoo" ni ọmọdé fi ń kí àgbà. Wọ́n ní ohun tó túmọ̀ sí látìbẹ̀rẹ̀ ni "mo di ẹsẹ̀ yín mú". Ìdọ̀bálẹ̀ tí àwa ń fi ara ṣe, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Shikamoo, mà. Tí inú yín bá ti rọ̀ díẹ̀, "marahaba" ni kẹ́ ẹ fi dá mi lóhùn. Tí kò bá tíì rọ̀, ẹ ṣì ní kí wọ́n máa kà á fún yín lọ ná.

Àbúrò mi ti pè mí, ó ti rò fún mi. Ó ní ẹ wà níbi tẹ́ ẹ máa ń dúró sí láàárín J4 àti Orè, ẹ gbé ọ̀yà sókè sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, lẹ bá rí orí mi lójú fèrèsé. Ó ní ẹ ju ọ̀yà sórí tábìlì, ẹ ń fi ọwọ́ méjèèjì pè mí, ẹ tiẹ̀ tún sáré tẹ̀lé ọkọ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ ò dúró. Ó ní ẹ padà wá jókòó, ẹ ní, "Ó lọ wo kìnnìún bọ̀, kò dá èèyàn mọ̀ mọ́."

Mo dá yín mọ̀, Ìyá Orè. Ọkọ̀ ti dẹsẹ̀ nítorí kòtò tó wà níbẹ̀ yẹn, mo sì rí yín kẹ́ ẹ tó rí mi. "Ó wà o!" ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Ìdí tí mo fi gbé e mì ni mo fẹ́ sọ. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí ẹ ò ní jẹ́ kí n dé ìdajì kẹ́ ẹ tó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ rántí bí ìjà ìrìn-àjò yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ní mi ò ní ṣe ọjọ́ ìbí ogójì ọdún: kò sí aṣọ ẹbí, kò sí màlúù, kò sí olórin. Mo ní èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ti ń dá àjọ láti ọdún mẹ́ta, a fẹ́ lọ wo ẹranko ní Tanzania. Ẹ wò mí títí. Ẹ ní, "Ẹran tí mo tà tí mo fi rán ẹ nílé ìwé, òun lo fẹ́ lọ máa fi dọ́là wò?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Láti JSS 1 títí mo fi jáde yunifásítì, ẹran ìgbẹ́ ló san án. Tí ilé ìwé bá ti gba ọlidé, èmi ni mò ń bá yín gbé ọ̀yà sókè lójú títì. Mo ṣì mọ bó ṣe máa ń wúwo lọ́wọ́ tó bá ti di ọ̀sán. Ẹ kọ́ mi pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí n dì mú, kí n kọ ikùn rẹ̀ sí oníbàárà, kí wọ́n lè rí bó ṣe sanra tó.

Ọjọ́ tí bàálù wa balẹ̀ l'Ékòó, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi mí: "Ẹran mélòó lo mú bọ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú ìyẹ́ ẹyẹ pàápàá jáde. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: èdè Swahili fara jọ tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí. "Nyama" ni ẹran inú ọbẹ̀, "mnyama" sì ni ẹranko. Bí àwa náà ṣe ń pè é nìyẹn, ẹran inú àwo, ẹran inú igbó. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo ní ẹ̀gbọ́n màámi á fẹ́ràn èdè yín.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bàálù dá yín lágara. A gba Addis Ababa, a bọ́ sí Kilimanjaro, wọ́n yẹ káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wò, ọkọ̀ gbé wa dé Arusha. Ó tán.

Àdìrẹ aláró tẹ́ ẹ fún mi ni mo wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní Tarangire, ọgbà ẹranko tá a kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Eṣinṣin tsetse, èyí tó ń gbé àìsàn tó ń mú èèyàn sùn ṣáá kiri, fẹ́ràn àwọ̀ búlúù àti dúdú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ń gba orí aṣọ jẹ mí. Amọ̀nà wa, òun náà ló ń wa ọkọ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá nawọ́ sí aṣọ búlúù òun dúdú kan tí wọ́n so rọ̀ lára igi, tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn apakòkòrò. Pàkúté eṣinṣin ni. Àwọ̀ pàkúté náà àti ti bùbá mi, ọ̀kan náà ni.

Ibẹ̀ la ti rí erin. Igi oṣè pọ̀ ní Tarangire bí ẹni pé ṣe ni wọ́n gbìn ín, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní ọgbẹ́, torí erin a máa fi eyín gbẹ́ èèpo rẹ̀ jẹ. Amọ̀nà pa ẹ́ńjìnnì. Abo erin kan tó ti dàgbà ló ṣáájú, ọmọ rẹ̀ há sábẹ́ ikùn rẹ̀, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e. Wọ́n sún mọ́ wa débi pé tí mo bá na ọwọ́, ó máa kàn wọ́n. Ẹ mọ ohun tó yà mí lẹ́nu? Mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹranko tó tóbi tó yàrá, ohun tí mò ń gbọ́ ò ju koríko tó ń já, fàà, fàà, àti inú rẹ̀ tó ń kùn bí ẹ̀rọ ata tó ń lọ lókèèrè. "Àjànàkú kọjá, mo rí nǹkan fìrí," ni mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi gbè é: "Tá a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin." Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn fún èèyàn, mi ò sì rí erin rí.

Ẹ̀yin ni mo rántí lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa ń sọ fún wa pé lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé J4, erin jáde dá ọkọ̀ agégẹdú dúró. Mo máa ń sùn kí ìtàn náà tó parí. Nígbà tí mo dàgbà, mo kà á mọ́ àlọ́. Kì í ṣe àlọ́. Erin ṣì wà nínú Igbó Ọmọ tó yí J4 ká títí dòní, wọn ò kàn pọ̀ mọ́. Wọn kì í tún ṣe irú ti Tarangire. Erin ọ̀dàn nìyẹn. Tiwa ni erin igbó, ó kéré sí i, eyín rẹ̀ sì nà tààrà wá sílẹ̀. Ní 2021 ni àjọ IUCN, àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹranko tó ń tán lọ láyé, kà á sọ́tọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìpele tí wọ́n sì fi í sí, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ àfi kí ẹranko tán nínú igbó. Mo dá àjọ ọdún mẹ́ta, mo fò lọ wo erin, erin tẹ́nì kan ò wò sì wà lẹ́yìn ìsọ̀ yín.

Ngorongoro ńkọ́? Òtútù ni mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín kan ló wó sínú ara rẹ̀ láyé àtijọ́. Etí kòtò tó kù ga tó nǹkan bíi 2,300 mítà, ọkọ̀ sì máa ń sọ̀kalẹ̀ tó 600 mítà kó tó kan ìsàlẹ̀. Àgbáǹréré méjì péré la rí, lókèèrè réré, bí òkúta ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, abo kìnnìún kan dìde nínú koríko, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tààrà, ó sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ òjìji ọkọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Òjìji ló wá, kò tiẹ̀ wojú wa. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó láti òkè: eṣinṣin wà lórí imú rẹ̀, etí rẹ̀ kan ti ya. Ogójì ìṣẹ́jú la fi jókòó, amọ̀nà ò ṣíná ọkọ̀, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n mí. Ẹ ò rí i pé kìnnìún ṣe mí bó ṣe ń ṣe ọdẹ.

Ndutu ni mo fẹ́ ròyìn fún yín gan-an, ní gúúsù Serengeti. Ẹran kan wà tí wọ́n ń pè ní nyumbu: ara bíi ti màlúù, irùngbọ̀n bíi ti òbúkọ, ìrù bíi ti ẹṣin. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Ojú ò lè ká wọn. Oṣù Kejì la dé ibẹ̀, àsìkò tí gbogbo wọn ń bímọ. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ níwájú wa, ẹsẹ̀ ọmọ ti yọ. Kí ọmọ náà tó jáde, Ìyá Orè, ẹ mọ ohun tí mò ń ṣe nínú ọkàn mi? Ìṣirò. Mo ń wo ìyá rẹ̀, mò ń sọ pé itan yìí á tó báyìí, tá a bá sun irun ara rẹ̀ kúrò, tá a là á sí mẹ́rin, iye báyìí ni lójú títì, ẹni tó bá ná an dáadáa á gbà á ní iye báyìí. Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ kejì ń nu omijé ayọ̀, èmi ń dá iye lé ẹran. Ojú tẹ́ ẹ fún mi nìyẹn, kò sì tíì bà jẹ́.

Ọmọ bọ́ sílẹ̀. Ìyá lá a. Ó gbìyànjú láti dìde, ó fi imú gún ilẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ ọ̀nà mẹ́rin. Mo wo aago mi. Ní ìṣẹ́jú méje, ó ti ń rìn. Ìkookò kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tí òun náà ń wo aago tirẹ̀.

Kẹ́ ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni wọ́n níbẹ̀ o. Erin tó wà ní gbogbo Tanzania lọ́dún 2009 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 110,000. Nígbà tí wọ́n fi máa kà wọ́n lọ́dún 2014, ó ti bọ́ sí nǹkan bíi 43,000. Eyín ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pa wọ́n. Ilẹ̀ gbalasa tí ẹranko ń rìn yẹn náà kò ṣàdéédéé ṣófo. Lọ́dún 1959 ni wọ́n kó àwọn Maasai kúrò ní Serengeti lọ sí Ngorongoro, láti 2022 ni wọ́n sì ti ń kó lára àwọn tó wà ní Ngorongoro lọ sí Msomera, ibi tó jìnnà. Amọ̀nà wa mẹ́nu kàn án, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà kíá. Mo ní lọ́kàn mi pé tí ìjọba tiwa bá jí lọ́la tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ́jú Igbó Ọmọ, ìsọ̀ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ wó. Agégẹdú á ṣì máa kọjá.

Ó ku ìdí tí mi ò fi sọ̀kalẹ̀.

Ẹranko tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìrìn yẹn kì í ṣe kìnnìún. Ẹran kékeré kan ni, dik-dik lorúkọ rẹ̀, ó jọ ẹtu gan-an, kò kàn tó o ni. Takọtabo ni wọ́n ń gbé, ọ̀kan kì í jìnnà sí èkejì. Tá a bá ti rí ọ̀kan lábẹ́ igbó ṣúúrú, amọ̀nà á ní, "Ó yá, ẹ wá ìkejì." A ó máa wá a, a ó sì rí i. Ó di eré láàárín wa. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi ṣe é.

Nígbà tí ọkọ̀ wá dẹsẹ̀ lẹ́bàá ìsọ̀ yín, ẹtu kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wọ́n ti fi imọ̀ ọ̀pẹ so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ojú rẹ̀ là. Kí n tó mọ̀, mo ti ń wá ìkejì.

Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ̀kalẹ̀, ẹ máa kà á lójú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń mọ ẹni tó fẹ́ rà àti ẹni tó kàn fẹ́ ná an kí wọ́n tó sọ gíláàsì ọkọ̀ wálẹ̀! Kí ni mo fẹ́ wí? Kí n wá dúró níwájú ẹni tó fi ẹtu rán mi nílé ìwé, kí n máa fi ọ̀rọ̀ ẹtu kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́? Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́kọ́ sọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹ ní tẹ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ làwọn ọdẹ ń gbé àgbọ̀nrín wá, pé ní báyìí oṣù á wọlé, á jáde, ẹ ò ní fojú kàn án. Ẹ ní òkété lẹ kàn fi ń dí tábìlì. Ẹ ní ọjà ò dáa mọ́. Mo ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù, mo sì mú ẹran tẹ́ ẹ dì fún mi, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀yà kọ́ ni mò ń bá jà, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọ̀yà ń bímọ, àwọn kan ti ń sìn ín nílé, tí ẹ bá sì fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, owó àjọ mi ò tíì tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹtu yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Sátidé tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀, màá sì sọ "ó wà o" kó tó dé kòtò. Mo ra aṣọ kanga kan fún yín l'Árúṣà, wọ́n kọ òwe wọn sí etí rẹ̀, àwọ̀ pupa ni mo mú; ẹ mọ ìdí tí mi ò fi mú búlúù. Ìgbín ni kẹ́ ẹ sè, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ta dáadáa. Tá a bá jẹun tán, ẹ bá mi sọ ìtàn erin tó dá ọkọ̀ agégẹdú dúró yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní sùn kó tó parí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó wà l'Ákùúrẹ́