Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Káńsù Thanet: Ẹ Má Jẹ̀ẹ́ Kí Scenic Railway Margate Jẹrà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní káńsù,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa káfíńtà àti wẹ́dà etí òkun Kent la kọ̀wé yìí, Yorùbá pọ̀ nínú wa ló jẹ́ ká kọ ọ́ lédè wa, ti Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ Scenic Railway, ọkọ̀ eré tó ń gòkè tó ń já bọ̀ wálẹ̀ ní páàkì ìgbafẹ́ Dreamland ní Margate, la bá wá. 1920 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn, nínú irú ẹ̀ kò sí èyí tó dàgbà tó o ní Britain mọ́, pákó ni wọ́n fi to gbogbo ara ẹ̀, wáyà ló ń fà á gòkè, tó bá wá ń já bọ̀ wálẹ̀, èèyàn kan ló dúró sáàárín ọkọ̀ yẹn tó di bíréèkì mú, òun ló mọ ibi tó yẹ kó ti fà á.

April 2008 ṣì ń dùn wá o. Iná jó bí ìdá kan nínú mẹ́rin pákó ẹ̀, ó jó ọkọ̀ ẹ̀ náà, a rò pé ó ti tán nìyẹn, àmọ́ ẹ̀yin káńsù gba ilẹ̀ yẹn, wọ́n tún un tò, October 2015 èèyàn tún ń gùn ún. Bọ́mọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíì gbà, ìdí tá a fi tún wá nìyẹn.

Omi ló ń bà wá lẹ́rù báyìí. Ibi tí bọ́ọ̀tù, irin tó so pákó pọ̀, ti gba inú pákó kọjá, ibẹ̀ lòjò ń gbà wọlé, atẹ́gùn oníyọ̀ á máa jẹ irin ẹ̀, ihò á fẹ̀, omi á dúró síbẹ̀. Ọ̀dà á ṣì máa dán lójú ẹ, àfi tẹ́ ẹ bá fi òòlù kàn án, pákó tó yè á dún gbàn, èyí tó ti jẹrà á dún bọ̀ọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya owó pákó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, ká lè máa pààrọ̀ ẹ̀ lásìkò òtútù. Ẹ bá wa wá ọmọṣẹ́ tá a máa kọ́, torí a ti ń dàgbà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ká fi irin rọ́pò pákó, àbí ká yọ ẹni tó ń fa bíréèkì, ẹ má gbà fún un, irú ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1914 ní páàkì Tivoli ní Copenhagen ṣì ní ẹni tó ń fa bíréèkì títí dòní.

Ẹ rán ẹnì kan sí wa láàárọ̀, kí páàkì tó ṣí. Kó wọ bàtà tó le, a ó gbé òòlù fún un kó fúnra ẹ̀ kàn án.

Àwa tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́