Mítà méjì ń jiyàn nínú bàálù, ẹ wo họ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó náwó

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo ka lẹ́tà ẹnì kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọmọ òun ń kọ́ bàálù wíwà, pé mítà méjì tó ń sọ bí bàálù ṣe ń sáré tó ò fẹnu kò, ọ̀kan ń sọ tibí ìkejì ń sọ tọ̀hún, ó wá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n yọ èyí tó ti gbó kí wọ́n ra tuntun. Háà! Mi ò lè jẹ ìrẹsì ọ̀fadà tó wà níwájú mi tán. Mo tún mítà bàálù ṣe fún ọdún tó lé ní 20 kí n tó wá jókòó s'Íbarà níbí, àwọn mítà tí wọ́n yọ wá bá mi pé ó ti bàjẹ́, púpọ̀ nínú ẹ̀ kò sóhun tó ṣe é.

Ti bàálù ò dà bíi ti mọ́tò. Ti mọ́tò, yíyí táyà ló ń kà. Bàálù tó wà lókè ò ní táyà nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n. Páìpù kékeré kan wà lábẹ́ apá ẹ̀ tó kọjú sí atẹ́gùn, pitot lorúkọ ẹ̀, pítò ni kẹ́ ẹ pè é, òun ló ń gba afẹ́fẹ́ tó ń rọ́ lu bàálù. Ihò tín-ín-rín kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bàálù níbi tí atẹ́gùn ò ti ní fẹ́ wọ̀ ọ́ tààrà, static nìyẹn, afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lòun ń gbà. Mítà á yọ ti static kúrò nínú ti pitot, èyí tó bá kù ló máa kà bí ìsáré. Ihò, rọ́bà àti afẹ́fẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí náà ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé kí ni wọ́n kọ sójú mítà náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀kan lè máa ka knots kí ìkejì máa ka máìlì, 100 knots sì rèé, máìlì 115 ni láàárín wákàtí kan, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ tẹ́ ẹ fi ń bú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé páìpù kan náà ni wọ́n jọ ń mu? Ẹ fi wé ẹ̀rọ omi méjì nínú ilé. Tó bá jẹ́ táǹkì kan náà ló ń fún méjèèjì lómi, tí ọ̀kan ń dà wàrà tí ìkejì ń kán tó, tó, ẹ ò ní lọ bá ẹni tó gbẹ́ kànga jà. Àmọ́ tí kálukú bá ní táǹkì tiẹ̀, ẹ yáa gorí òrùlé. Ìbéèrè mi kẹta làwọn èèyàn kì í ronú kàn: mítà tó ń sọ bá a ṣe ga tó ńkọ́, ṣé òun náà ń jiyàn? Torí tí pitot bá níṣòro, ìsáré nìkan ló máa bà jẹ́. Tó bá jẹ́ static, ó máa kan ìsáré, ó máa kan gíga, ó máa kan èyí tó ń sọ bá a ṣe ń gòkè tàbí bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n pè mí síbì kan tí mi ò ní dárúkọ, bàálù oníjókòó mẹ́rin. Wọ́n ti fi skríìnì tuntun sí i, wọ́n fi mítà róbótó àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lókè, tí skríìnì bá ní 100, mítà róbótó á ní 108. Ẹni tó ni bàálù ti ra mítà róbótó tuntun, owó dọ́là o, wọ́n fi í sí i, tuntun náà tún ní 108! Mo bi wọ́n nípa gíga, páílọ́ọ̀tì ní ẹ̀n-ẹ́n, mítà gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ máa ń fi bí ẹsẹ̀ bàtà 70 ju ti skríìnì lọ, àmọ́ àwọn ò kà á sí.

Mo ti kó irinṣẹ́ mi dání láti ilé: rọ́bà tó mọ́ gaara tí mo tẹ̀ bíi lẹ́tà U mọ́ pátákó, rúlà ọmọ iléèwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, omi díẹ̀ nínú ẹ̀ tí mo kán aró sí, aró tí ìyàwó mi gbà lọ́wọ́ àwọn aládìrẹ n'Ítòkú, torí omi lásán ò ṣeé rí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo so ó mọ́ họ́ọ̀sì pitot, mo ń fi síríńjì ti afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀ díẹ̀. Tí omi ẹ̀gbẹ́ kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 6 ga ju ẹ̀gbẹ́ kejì, mítà gbọ́dọ̀ ka nǹkan bíi 60 knots. Kó tó lè ka 100, omi gbọ́dọ̀ dé 16.5. Ẹ ò rí i pé ìsáré ò tíì di ìlọ́po méjì tí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ kékeré fi ń ṣini lọ́nà jù nígbà tí bàálù bá ń rọra rìn, ìyẹn ìgbà tó fẹ́ balẹ̀ gan-an. Skríìnì àti mítà róbótó ka ohun kan náà. Mo dí ẹnu rọ́bà, mo ka ìṣẹ́jú kan gbáko, omi ò sọ̀ kalẹ̀.

Nílẹ̀ wọ́n rẹ́, lókè wọ́n jà. Mo ní ó yá, ẹ gbé mi lọ sókè. Nígbà tá a dé 3,000 ẹsẹ̀ bàtà tí bàálù dúró déédéé, mo ní kí páílọ́ọ̀tì ṣí wíńdò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ díẹ̀. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ó ṣí i. Ọ̀pá mítà róbótó fò, ó ń gbọ̀n, skríìnì ò mira. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló mọ̀ pé wọ́n ṣí wíńdò? Ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ inú bàálù ni! Tí bàálù bá sì ń lọ, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa ń fúyẹ́ díẹ̀ ju ti ìta, ìdí nìyẹn tí mítà fi ń ka àkàjù, ìsáré àti gíga.

Nígbà tá a balẹ̀, mo dojú bolẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Lẹ́yìn rédíò ni mo ti rí i. Ẹni tó fi skríìnì sí i ti yọ họ́ọ̀sì static àwọn mítà àtijọ́, ó fi ìdérí kékeré dí ojú ibi tó ti yọ ọ́ kó lè yẹ skríìnì wò, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Họ́ọ̀sì ń ṣe dọ́ńdọ́ sínú afẹ́fẹ́. Mo yọ ìdérí yẹn, mo ti họ́ọ̀sì bọ ojú ibi tó ti yọ, mo fi kílíìpù há a, ẹni tó ní láísẹ́ńsì NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, yẹ̀ ẹ́ wò ó buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ parí.

Ohun kan rèé tí mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fọkanáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú pitot kó má kọ́kọ́ tú họ́ọ̀sì kúrò lẹ́yìn mítà. Ẹ máa ya mítà yẹn ni. Agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ mọlé fẹ́ràn ihò yẹn gan-an, tẹ́ ẹ bá gbé bàálù kalẹ̀ tẹ́ ò fi ìbòrí sí i. Òun ni wọ́n fura sí nínú ọ̀rọ̀ bàálù Birgenair tó já ní February 6, 1996, lẹ́yìn tó gbéra ní Puerto Plata lórílẹ̀-èdè Dominican Republic, èèyàn 189, kò sẹ́ni tó yè. Ọ̀gá awakọ̀ ti rí i lórí ilẹ̀ pé mítà tòun ò ṣiṣẹ́, ó sì gbéra bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gòkè, mítà bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó rò pó ti sàn, kò mọ̀ pé gíga ló ń kà, torí afẹ́fẹ́ ti há sínú páìpù. Ti igbákejì ẹ̀ dáa o.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọ, tó bá ṣẹlẹ̀ lókè, ẹ má pín ìyàtọ̀ méjèèjì sáàárín. Ẹ gbé imú bàálù àti agbára ẹ́ńjìnnì síbi tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ń fún yín ní ìsáré tó tọ́, kẹ́ ẹ tó máa wádìí ta ló ń purọ́.

Mítà tuntun yẹn la tún yọ, a dá àtijọ́ padà sójú ẹ̀. Ẹni tó ni ín ní kí n bá òun tà á, ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Tẹ́ni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá bá ṣì fẹ́ ra tuntun, kó wá wò ó.

Èmi ni tiyín,
Bàbá onímítà, Ìbarà, Abẹ́òkúta