Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ Okun tẹ́ ẹ ń wọ ọkọ̀ fàájì

Ẹ̀yin ọmọ mi, Okun o. Ẹ̀yin ti Kabba, Isanlu, Mopa, Egbe, Iyara, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà àti London tẹ́ ẹ ń fi fọ́tò ọkọ̀ fàájì orí omi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìdílé, mò ń rí gbogbo ẹ̀, inú mi sì ń dùn, ẹni tó ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko yẹ kó sinmi. Tábìlì tẹ́tẹ́ inú ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí mo ti wọ irú ẹ̀ rí, ọmọbìnrin mi ló mú èmi àti ìyá ẹ̀ lọ, ọjọ́ méje gbáko, Miami la ti gbéra.

Tọ́kọ̀ bá ṣì dúró ní èbúté, títì ni wọ́n ti kàsínò, yàrá tẹ́tẹ́ yẹn, pa. Àfìgbà tá a bọ́ sójú agbami, tá a wẹ̀yìn tá ò rílẹ̀ mọ́, niná bá tàn. Ẹ rò ó wò ná, ibi téèyàn ò ti lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ni wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ kejì. Wíìlì kan ló ń yí bírí, bọ́ọ̀lù funfun kékeré á máa sáré lórí ẹ̀, á dún kọ́kọ́kọ́ títí á fi já sínú ihò kan. Ihò náà jẹ́ 38, 1 dé 36, pẹ̀lú 0 àti 00 tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé. Mo mú bírò, mo ṣírò ẹ̀ sórí tíṣù. Ká ní mo fi dọ́là kọ̀ọ̀kan sórí gbogbo ihò, ó dájú pé màá jẹ, àmọ́ 36 ni wọ́n máa kó lé mi lọ́wọ́, méjì ti lọ. Mo jẹ, mo tún jẹ gbèsè! Ayò tiwa, ihò mẹ́fà níwájú mi, mẹ́fà níwájú ẹ, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48 lápapọ̀, tó o bá pa mí, ọgbọ́n ẹ ló pa mí, kò sẹ́ni tó gbé ihò kan pa mọ́ fún ara ẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ike róbótó pupa tí wọ́n fi ń dípò owó ló wà níwájú ẹ̀, ó ń tò ó léra, ó ń tú u, ó tún ń tò ó, kì í ṣe owó lójú ẹ̀ mọ́. Tíke bá tán, káàdì tó fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀ náà ló ń nà sí wọn, wọ́n á kọ ọ́ mọ́ owó yàrá, wọ́n á kó ike míì fún un. Mo ní ọmọ mi, ó ti tó. Ó ní "Bàbá, ẹ jẹ́ n gba tèmi padà ná." Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń pani, torí bọ́ọ̀lù ò mọ̀ pé èèyàn ti pàdánù, ìbẹ̀rẹ̀ tuntun ni gbogbo yíyí lójú ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tá a sọ̀, mo rí òun àtìyàwó ẹ̀ nídìí káńtà, bébà gbèsè wà lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ó ṣì ń dùn mí pé mi ò fa ọmọ yẹn lọ́wọ́ dìde.

Tẹ́ ẹ bá máa jókòó náà, káàṣì tí ò ní dùn yín tó bá lọ ni kẹ́ ẹ mú dání, kẹ́ ẹ fi káàdì yàrá sọ́wọ́ ọkọ tàbí aya yín. Ní tábìlì blackjack, tẹ́tẹ́ oníkáàdì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ ẹ̀: tó bá jẹ́ 3 sí 2, dọ́là 10 á mú èrè 15 wá tí káàdì méjì àkọ́kọ́ yín bá pé 21, tó bá jẹ́ 6 sí 5, 12 péré. 6 sí 5 ni mo rí nínú ọkọ̀ tiwa.

Ẹ̀yin tó jẹ́ odò Ọya ní Lokoja nìkan lẹ rí, tẹ́ ẹ ń yí wíìlì yìí kan náà lórí fóònù lóru pẹ̀lú owó school fees, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bẹ̀ jù, torí fóònù ò ní èbúté tó máa gúnlẹ̀ sí kí wọ́n fi tì í.

Ọpọ́n ayò mi wà níta ní Isanlu, lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó bá wálé Kérésì kó yà wá ta á.