Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwé fisiọ́lọ́jì

Ìtamàga,
Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú ìfaradà òtútù. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí iṣẹ́ òru ilé ìwòsàn yín má sì tíì gba gbogbo okun inú rẹ tán. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí n kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà gùn ni, mo sì fẹ́ kí o lè padà sí i nígbà tí o bá ráyè, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Lórí ìdánwò Step 1 ni, ìdánwò àkọ́kọ́ fún dókítà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi sì lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là kan, èyí tó túmọ̀ sí pé eré ti parí. Ohun tó ń dà mí láàmú jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni fisiọ́lọ́jì, ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé pathology, ìmọ̀ nípa àrùn, nìkan ló ṣíwájú rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà tí a ti ṣe ìdánwò second MB nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni n kò ti jókòó kà á létòlétò mọ́. Bí mo ṣe ní kí n bẹ̀rẹ̀ ni onímọ̀ràn pọ̀ sí i. Ẹnì kan ní ìwé Guyton ni kí n kà, ẹnì kan ní ti Ganong, ẹlòmíràn ní kí n má fọwọ́ kan ìwé rárá, fídíò ni ayé ń wò báyìí. Ọmọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ da òkìtì fáìlì sórí Telegram mi láìjẹ́ pé mo béèrè, fóònù mi sì kọ̀ láti gba àwòrán ìsọmọlórúkọ àbúrò mi nítorí pé àyè ti tán nínú rẹ̀.

Ìwọ náà ní ìmọ̀ràn tìrẹ, mo rántí rẹ̀ dáadáa: o ní kí n kà á láti orí dé ìrù, kí n má fi ìlà kan sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n ayé tìrẹ ti kọjá, ìyá àgbà. Ìgbà tí ìwọ ń ṣe é, wọ́n ń fún ènìyàn ní máàkì onídíjíìtì mẹ́ta, máàkì yẹn ni àwọn ilé ìwòsàn sì fi ń yan ẹni tí wọn yóò pè. Láti oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n ti dá ìyẹn dúró. Ó yege tàbí ó fìdí rẹmi ni wọ́n ń kọ báyìí, máàkì tí wọ́n ń wò sì ti ṣí lọ sí Step 2, ìdánwò tó tẹ̀lé e. Ẹni tó ń wá máàkì gíga ní láti lé ohun tí ẹlòmíràn kò kà. Èmi tí mo ń wá kí n yege ní láti rí i dájú pé ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwé tí ó yẹ kí àwa méjèèjì kà kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Ohun tó wá là mí lójú lórí èyí tí n óò mú, ẹsẹ̀ Màmá rẹ ni.

Má fòyà. Ara wọn ti yá, wọ́n ti ń lọ sí ọjà Sábó padà. Màmá ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọ, mo sì ṣèlérí pé n kò ní fi ẹnu mi sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n sọ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, di miligíráàmù 10 láti orí 5, ẹ̀jẹ̀ ríru náà lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ wọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kẹ́mísìtì kan ní àdúgbò tà wọ́n ní oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀, Màmá sì fi òru sáré lọ sáré bọ̀ nílé ìtọ̀, ẹsẹ̀ náà kò sì fà rárá. Bàtà tí kò wọlé mọ́ ló gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi. Mo fi àtàǹpàkò tẹ iwájú egungun ojúgun wọn, ojú ibẹ̀ jìn wọnú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó padà bọ̀ sípò. Mo gbọ́ ọkàn wọn, kò sí ohun tó ṣe é. Iṣan ọrùn wọn kò yọ. A yẹ ìtọ̀ wò, kò sí purotéènì nínú rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo kó ìwé sórí tábìlì, mo sì bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ fi lè wú ènìyàn lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọkàn àti kíndìnrín wà ní àlàáfíà, kí ló sì dé tí oògùn ìtọ̀ kò fi rí i ṣe?

Guyton ni mo kọ́kọ́ ṣí. O mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ọkùnrin yẹn tó. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló gba iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sí Mississippi láti máa kọ́ ènìyàn ní fisiọ́lọ́jì, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 1956. Ọmọ mẹ́wàá ló bí, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì di dókítà. Ọjọ́ tí mo sọ èyí fún ìyá mi, ńṣe ni wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n béèrè pé èmi dà, ọ̀kan tèmi dà. Kò sí ìwé tó jẹ́ kí n mọ̀ bíi tirẹ̀ pé kíndìnrín ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ó lé ní ẹgbẹ̀rún ojú ewé, àlàyé kan sì ń fa òmíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa mú iná lọ, mo ti mọ ohun púpọ̀ nípa omi ara, ẹsẹ̀ Màmá sì wà níbi tí mo fi í sí.

First Aid, ìwé àkópọ̀ fún ìdánwò náà, ni mo tún ṣí, mo sì rí ìlà kúkúrú níbẹ̀. Mo gbà pé ìwé rere ni fún ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbàgbé nǹkan kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò kàn há a sórí ni.

Ìwé fisiọ́lọ́jì BRS tí Linda Costanzo kọ, èyí tín-ín-rín yẹn, ló dá mi lóhùn. Ó to agbára mẹ́rin tó wà ní òpójẹ̀ tó kéré jù lọ sílẹ̀: èyí tó ń ti omi jáde àti èyí tó ń fà á mọ́ inú, ó sì ní kí n wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan bá yí padà. Mo mú páálí àti bírò. Oògùn náà ṣí òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé, kò ṣí èyí tó ń gbé e jáde tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ń tì gidigidi láàárín, omi sì ń jò sínú ẹran ara, ní ọrùn ẹsẹ̀ níbi tí òòfà ilẹ̀ ti ń ràn án lọ́wọ́. Omi ara wọn kò pọ̀ jù. Ó kàn kúrò ní ipò rẹ̀ ni, kí wá ni oògùn ìtọ̀ fẹ́ gbé jáde? Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá wa lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá amlodipine padà sí 5, wọ́n sì fi losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kún un, nítorí pé ìyẹn ń ṣí òpójẹ̀ tó ń gbé e jáde pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ náà fà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí òṣùwọ̀n mi. Ìwé tí mo bá kà tí mo lè fi dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò dárúkọ fún mi, ìyẹn ni n óò dì mú. Bí ìdánwò yẹn náà ṣe ń béèrè nìyẹn. Wọ́n á to ọfà sílẹ̀, èyí tó kọjú sókè àti èyí tó kọjú sílẹ̀, wọ́n á sì ní kí o yan ìlà tó bá aláìsàn náà mu. Wo àwọn ọmọ tí à ń gbà sí wọ́ọ̀dù nígbà òjò: ọ̀kan ń yàgbẹ́ gbuuru, èkejì ń bì. Omi ti tán lára àwọn méjèèjì, nítorí náà renin àti aldosterone, àwọn èròjà tí ara fi ń dá omi àti iyọ̀ dúró, lọ sókè nínú wọn, potassium wọn sì ń wálẹ̀. Ẹni tó bá há a sórí yóò dúró síbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yàgbẹ́ ti yà bicarbonate, èyí tó ń pa agbára ásíìdì, dànù, ásíìdì gbilẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń mí kíákíá, ó sì ń mí jinlẹ̀, tí ìyá rẹ̀ á máa pariwo pé òtútù àyà ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni tó ń bì ti pọ ásíìdì ikùn dànù ní tirẹ̀, bicarbonate rẹ̀ ló ga, èémí rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ́ láti inú ìwé nìkan. Àfi kí ènìyàn máa dáhùn wọn lójoojúmọ́, kí ó sì máa ka ìdí tí ìdáhùn tí kò tọ̀nà kò fi tọ̀nà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ UWorld, àkójọ ìbéèrè ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, kì í ṣe nítorí pé gbogbo ènìyàn ń sọ ọ́.

Ìwé kejì tí Costanzo kọ, èyí tó tóbi, mo fi í sílẹ̀ fún àwòrán ọkàn nìkan. Mo kọ́kọ́ ra ẹ̀dà tí wọ́n fọ́tókọ́pì ní Yábàá, mo sì kábàámọ̀ owó mi, nítorí pé àwọ̀ ni wọ́n fi ya ìlà iṣẹ́ ọkàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìlà ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀, àwọn méjèèjì sì ti di dúdú kan náà lórí bébà. Ojú mi kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Fídíò ni mo fi tún ibẹ̀ ṣe, àwọn Ninja Nerd lórí YouTube, tí wọ́n ń ya á síwájú ẹni díẹ̀díẹ̀. Ó gùn, ó sì ń jẹ dátà bí iná, ṣùgbọ́n ibi tí ohun kan ti ń yí tí ó sì ń lọ, ojú ní láti rí i bó ṣe ń lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, n kò wo fídíò mọ́, nítorí oorun ló ń gbé mi lọ. Fáìlì Telegram wọ̀nyẹn, mo ti pa gbogbo wọn rẹ́.

Ìròyìn yòókù kò pọ̀: àbúrò mi bí obìnrin, onílé fi owó kún owó ilé, ọkọ̀ ojú omi Ẹ̀bútẹ́ ni mo ń wọ̀ báyìí bí mo bá ń lọ sí Èkó, ọ̀gbẹ́ni tó máa ń sùn ní iwájú kíláàsì, tó búra pé òun kò ní fi Nàìjíríà sílẹ̀ láéláé, sì ti wà ní Ìlú Ọba láti ìgbà Kérésì. Kò dágbére fún ẹnì kankan. Àwòrán kóòtù rẹ̀ la kàn rí.

Bí Màmá ṣe rí ìwé náà lórí tábìlì mi lọ́jọ́ tí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ hàn mí, wọ́n béèrè pé, "Ṣadé, ṣé ìwọ náà ń kàwé àtilọ ni?" Mo ní, "Rárá, Mà, ìwé fisiọ́lọ́jì ni, kì í ṣe ìwé ìrìnnà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní, "Kàwé rẹ, ọmọ mi. Ta ni yóò wá máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi?" Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá èsì. N kò tíì rí i, n kò sì rò pé ìwọ ní in, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa méjèèjì jọ jókòó lé e lórí kí n tó mú ọjọ́ ìdánwò.

Mo wá fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní ohun kan. Káàdì náírà mi kò ṣeé fi san owó UWorld. Mo gbìyànjú rẹ̀ títí, ó ń kọ̀. Jọ̀wọ́, bá mi fi káàdì tìrẹ san ti oṣù mẹ́ta lórúkọ mi àti pẹ̀lú ímeèlì mi, nítorí wọn kò gbà kí ènìyàn méjì lo ọ̀kan. Má tẹ ibi tí wọ́n ti ń mú un ṣiṣẹ́, torí pé ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo sì fẹ́ parí orí kíndìnrín nínú Costanzo ná. Màmá ni n óò kó náírà rẹ̀ fún, ní iye tí wọ́n bá ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ náà, kí wọ́n máa fi ra oògùn. Sọ fún wọn pé ìwọ lo fi ránṣẹ́. Bí o bá sì pè wọ́n, má dárúkọ ẹsẹ̀. Bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń lo oògùn tuntun yẹn ní àárọ̀, kí o wo irọ́ tí wọn yóò pa.

Fi iye tí o san ránṣẹ́ sí mi kí ó tó di Sátidé, nítorí pé ọjọ́ náà ni Màmá máa ń wá sí Ìta Ẹlẹ́wà, kí n lè kó owó náà fún wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ṣadé.